Ilé Ìkàwé Tó Ń Yá Èèyàn Ní Ayùn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni lẹ́tà náà dé. Ìyá Oníwèé ń fi gúlù lẹ ẹ̀yìn ìwé kan tó ti ṣí nígbà tí Bàbá Géètì mú un wọlé, tó rọra fi í sórí tábìlì bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀. Òǹtẹ̀ kánsù wà lára rẹ̀. Láti ọjọ́ tí bàbá náà ti ń ṣọ́ géètì ilé ìkàwé yẹn, kò tíì rí òǹtẹ̀ kánsù tó bá ire rìn.

"Ọ̀gá mi, ẹ kà á sókè, kí n lè gbọ́ ibi tí wọ́n ti fẹ́ gbá wa," ó ní.

Ìyá Oníwèé kà á. Kánsù ní àwọn ti kíyè sí i pé àwọn tó ń wọ ilé ìkàwé náà kò tó ogún lójúmọ́. Bí iye yẹn kò bá di ìlọ́po mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́rin, àwọn yóò tì í pa, àwọn yóò sì sọ ọ́ di ibi ìkẹ́rùsí. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ní kí ọ̀gá ilé ìkàwé wá ọgbọ́n tuntun dá sí i.

"Ọgbọ́n tuntun," Bàbá Géètì ní. "Ta ló ti lo ti àtijọ́ tán?"

Ìyá Oníwèé ká lẹ́tà náà, ó fi sínú dúrọ́ọ̀, ó padà sídìí gúlù rẹ̀. Bàbá náà dúró, ó ń retí kí ó sọ̀rọ̀, tàbí kó tilẹ̀ pòṣé lásán. Kò pòṣé.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti lò nílé ìkàwé yẹn. Bó bá jẹ́ ọdún tó kọjá ni, kì bá ti jókòó. Ì bá ti gbé fóònù, ì bá ti pe gbogbo ẹni tó mọ̀ ní kánsù, ì bá ti kọ lẹ́tà tí yóò gùn ju ti wọn lọ. Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ rèé tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Káfíńtà ni ọkọ náà. Ó jẹun ọ̀sán tán, ó ní kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, kò sì dìde mọ́. Wọ́n sin ín. Èèyàn wá, wọ́n jókòó, wọ́n lọ. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì tó ń ṣiṣẹ́ lókèèrè wá, wọ́n sunkún títí ojú wọn fi wú, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Òun nìkan ni kò sunkún. Kì í ṣe pé ó ń ṣe akin. Ó wá ẹkún náà títí, kò rí i. Ṣé ẹ mọ ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un kò mọ̀? Bí gbogbo ara rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ó ń wẹ̀, ó ń wọṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn aládùúgbò sì ń yìn ín pé ó mọ́kàn le. Kò bá wọn jiyàn. Ọkàn náà kò le, kò rọ̀. Kò kàn sí nílé ni.

Yàrá gígùn kan ni ilé ìkàwé náà, ó ní fèrèsé mẹ́fà, méjì nínú wọn kì í ṣí. Òórùn bébà tó ti gbó ló ń kọ́kọ́ kí èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn mẹ́ta kan máa ń wá ka ìwé ìròyìn láàárọ̀. Ọkùnrin kan wà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tó máa ń ṣí ìwé ńlá kan tó dá lórí ìràwọ̀, tí yóò sì sùn lé e lórí títí di ọ̀sán. Ojú ewé kan náà ló ń ṣí láti bí ọdún méjì. Bàbá Géètì ló ń kọ iye èèyàn sílẹ̀, ó sì ti jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan pé bí ọjọ́ bá gbẹ jù, òun máa ń ka ara òun mọ́ ọn nígbà tí òun bá wọlé wá mu omi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì ní òpópónà kejì wọlé wá. Ìyẹ̀fun ṣì wà létí rẹ̀. Ó bèèrè bóyá wọ́n ní ìwé tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń tún ilẹ̀kùn ṣe. Ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ti mu omi òjò yó, ó ti wú, kò ṣe é tì mọ́. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí Ìyá Oníwèé fi rí ìwé náà, ó sì ṣí i síbi tí wọ́n ti ya àwòrán ọwọ́ méjì tó ń fi ìfági fá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Oníbúrẹ́dì kà á, ó mi orí.

"Ó yé mi," ó ní. "Ibi tó wú ni kí n fá. Kí ni n ó wá fi fá a? Ṣé ìwé yín náà ló máa fá a ni?"

"Rárá o," Ìyá Oníwèé ní.

"Èmi kì í ṣe káfíńtà. Mi ò lè torí ilẹ̀kùn kan ra ohun tí n ò ní lò ju wákàtí kan lọ. Ẹ ṣeun, mà. Ìwé yín dáa."

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Ìyá Oníwèé tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ pé, "Ẹ padà wá lọ́la."

Yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni irinṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wà, bí ọkọ náà ṣe tò wọ́n sí gẹ́lẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá tó bá ń lọ mú ìgbálẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó wọ ibẹ̀, ó sì mú ìfági. Kò mú un tìfẹ́tìfẹ́, kò mú un tìbànújẹ́tìbànújẹ́. Ó mú un bí ẹni mú abọ́. Ó nu eruku ara rẹ̀, ó fi bébà wé e, ó sọ ọ́ sínú báàgì.

Láàárọ̀, ó ṣe é bó ṣe ń ṣe gbogbo ohun tó bá wọ ilé ìkàwé. Ó fún un ní nọ́ńbà. Ó kọ káàdì rẹ̀: ìfági kan, onígi, èèkù rẹ̀ dúdú. Ó gbé e sínú àpótí, ó lẹ àpò bébà kékeré mọ́ àpótí náà lára, ó ti káàdì bọ̀ ọ́, ó sì lu òǹtẹ̀ ọjọ́ mẹ́rìnlá sí i, bíi ti ìwé.

Bàbá Géètì ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. "Ọ̀gá mi, ṣé ìyẹn náà ti dìwé?"

"Ó ti di ohun tí wọ́n ń yá."

"Ta ni yóò jókòó kà á?"

Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dá a lóhùn. "Ilẹ̀kùn," ó ní.

Ọjọ́ kẹta ni oníbúrẹ́dì dá ìfági padà, òun àti aládùúgbò méjì. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ àkàbà, èkejì fẹ́ ayùn. Ẹ mọ̀ pé ẹnu oníbúrẹ́dì kì í sinmi. Ẹni tó bá ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, yóò ra ìròyìn mọ́ ọn. Kí oṣù tó yí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá bèèrè nǹkan. Ìyá Oníwèé ń kó wọn wá díẹ̀díẹ̀: òòlù, téèpù ìwọnlẹ̀, àkàbà tí Bàbá Géètì fi orí rù. Ó kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ọdọọdún kánsù kúrò lórí pẹpẹ kan tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí, ó to irinṣẹ́ síbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan ó fi ìwé tó bá a mu sí. Ẹni tó bá wá gbé ayùn, yóò rí ìwé nípa igi. Púpọ̀ nínú wọn sì ń gbé méjèèjì. Yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ń ṣófo, kò sì mọ̀ ọ́n lára.

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kò sẹ́ni tó ní gbogbo nǹkan, kò sì sẹ́ni tí kò ní nǹkan kan. Télọ̀ kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì gbé máṣíìnì rẹ̀ kejì wá, wọ́n gbé e sábẹ́ fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ní òun ò ní irinṣẹ́ o, àfi etí àti ojú. Ó ń wá jókòó ní Ọjọ́bọ̀, ó ń ṣàlàyé lẹ́tà ilé ìwòsàn fún àwọn tí kò yé, kò sì jẹ́ kí ojú ti ẹnikẹ́ni. Àwọn òṣìṣẹ́ àdúgbò ní bí ilé ìkàwé ṣe ń ṣílẹ̀kùn ni àwọn ń wọ ibi iṣẹ́. Ìyá Oníwèé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i ní wákàtí kan ṣáájú. Kódà ọkùnrin tó ń sùn lé ìràwọ̀ lórí jí lọ́jọ́ kan, ó wo pẹpẹ náà, ó wò ó títí, ó ní òun ní awò gígùn kan nílé tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run, ẹni tó bá fẹ́ lè yá a. Bàbá Géètì ní òun ò mọ̀ pé ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀.

Lópin oṣù kejì, wọ́n ti lé ní àádọ́ta lójúmọ́. Bàbá Géètì kò ka ara rẹ̀ mọ́ wọn mọ́. Ó ní òun ti fẹ̀yìn tì nínú ìyẹn. Inú bàbá náà ń dùn fún ẹni méjì, nítorí inú ọ̀gá rẹ̀ kò dùn, kò sì bàjẹ́.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bí nínú. Káfíńtà lòun náà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni, láti ọjọ́ tí Ìyá Oníwèé sì ti wọ ilé wọn ló ti sọ ọ́ ní Agùntáṣọọ́lò, bí ìyàwó ilé ṣe ń sọ àbúrò ọkọ. Ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, èérún igi ṣì wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ẹ káàsán, ìyàwó wa."

"Ẹ káàsán, Agùntáṣọọ́lò. Ẹ jókòó."

Kò jókòó. Pẹpẹ ló ń wò. "Ayùn bọ̀dá mi rèé," ó ní. "Òòlù rẹ̀ rèé. Wọ́n ti kọ nọ́ńbà sí i lára."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Oníbàárà mi kan ló sọ fún mi pé òun ò nílò mi mọ́, òun ti yá ayùn ní láíbìrì. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní láíbìrì wo ló ń yáni láyùn? Ó wá júwe yín. Òkò tí wọ́n sọ sọ́jà, ará ilé ẹni ló ń bá."

"Ẹ má bínú."

"Ẹ má bínú kọ́ ni mo wá gbà. Ìfági yẹn, orí rẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Àìmọye ìgbà ni bọ̀dá mi nà mí nítorí rẹ̀. Ẹ ò lè pè mí? Ẹ ò lè ní, 'Agùntáṣọọ́lò, mo fẹ́ kó nǹkan ẹ̀gbọ́n yín jáde, ẹ wá wò ó'?"

Ohùn rẹ̀ kò ga. Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn kò kà á mọ́, wọ́n kàn gbé e bojú. Ìyá Oníwèé mọ̀ pé òótọ́ ni ọkùnrin náà ń sọ. Ó wá ìtìjú níbi tó yẹ kí ìtìjú wà, ó bá ibẹ̀ lófìfo.

"Ó yẹ kí n pè yín," ó ní. "Kò wá sí mi lọ́kàn. Nǹkan kì í wá sí mi lọ́kàn mọ́."

Agùntáṣọọ́lò wò ó. Ó ti di àmùrè ìjà láti ilé, kò wá rí ẹni bá jà.

"Ìfági náà ńkọ́?"

"Wọ́n ti yá a. Ọjọ́ Ẹtì ni yóò padà."

"N ó wá lọ́jọ́ Ẹtì, n ó mú un lọ."

"Ẹ ó kọ káàdì."

"Èmi? Káàdì?"

"Gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó dé lọ́sàn-án, ó jókòó ti ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ga ju àga lọ. Ìfági kò dé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohun tí wọ́n yá kò padà lọ́jọ́ rẹ̀. Ìyá Oníwèé yọ káàdì wò. Alágbàfọ̀ kan ló yá a, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà. Ó ní kí Bàbá Géètì máa wo ilé. "Ẹ jẹ́ ká lọ," ó sọ fún àbúrò ọkọ rẹ̀.

Wọ́n gun àtẹ̀gùn dé òkè kejì. Òórùn ọṣẹ àti aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ló pàdé wọn. Nígbà tí alágbàfọ̀ ṣílẹ̀kùn tó rí ẹni tó dúró, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Mo ti ń ro bí n ó ṣe wá, mà," ó ní. "Ìtìjú ni kò jẹ́."

Ó mú ìfági náà wá, ó ti fi tówẹ́ẹ̀lì wé e bí ọmọ. Èèkù rẹ̀ ti kán sí méjì. Ìyá rẹ̀ tí kò lè rìn jókòó sórí àga onítáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń kí wọn kú àbọ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Igi kan tó ga dábùú ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà, kì í jẹ́ kí àga náà kọjá. Òun ni alágbàfọ̀ fẹ́ fá wálẹ̀. Ó ti fá a dé ìdajì.

Agùntáṣọọ́lò gba ìfági, ó yí i wò. "Kí lẹ fi lu ẹ̀yìn rẹ̀?"

"Òòlù. Abẹ rẹ̀ kò jáde dáadáa."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ìwé tí mo yá mọ́ ọn ni. Ìwé ní kí n lù ú." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò sọ bó ṣe máa le tó."

 Agùntáṣọọ́lò kúnlẹ̀ síbi igi náà. Ó di ara ìfági mú láìsí èèkù, ó fi àtàǹpàkò ti abẹ rẹ̀ jáde díẹ̀, ó fá a lẹ́ẹ̀mejì, ó wá gbé e fún alágbàfọ̀. "Ẹ wá. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa lọ fúnra rẹ̀."

Bí wọ́n ti ń ṣe é lọ, èèkù tó kán wà lọ́wọ́ Ìyá Oníwèé. Igi náà ti dán, ó sì ti jinnú níbì kan, níbi tí àtàǹpàkò ọkọ rẹ̀ ti ń wà. Ó ki àtàǹpàkò tirẹ̀ bọ ibẹ̀. Ó dúró. Ó dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí àwọn ará ibẹ̀ ti kó lọ. Kò sóhùn kan.

Nígbà tí igi náà balẹ̀, wọ́n ti àga náà kọjá. Ìyá àgbà náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ṣe gùn báyìí?" ó ní. "Ẹ tì mí lọ dé ìparí rẹ̀."

Lójú ọ̀nà, Agùntáṣọọ́lò na ọwọ́, Ìyá Oníwèé sì fún un ní èèkù náà. Ó fi í sápò. 

"N ò ní mú ìfági náà lọ mọ́," ó ní. "N ó ṣe èèkù tuntun sí i. Láíbìrì yín ni n ó ti ṣe é, kí wọ́n máa wò mí. Bí ẹ bá ń yá èèyàn ní abẹ láìsí ẹni tó ń kọ́ wọn, ẹnì kan á gé ìka lọ́jọ́ kan."

Bí kíláàsì ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní àkọ́kọ́, èèyàn mọ́kànlá ló wá, alágbàfọ̀ ló ṣáájú wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọn ò rí ibi jókòó. Agùntáṣọọ́lò fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń rẹ́ pákó hàn wọ́n. Ó gbé pákó lé orí tábìlì ìkàwé, ó bẹ̀rẹ̀. Ìyá Oníwèé ń gba ìwé padà lọ́wọ́ ẹnì kan nígbà tí ìró náà yí padà létí rẹ̀. Ó bojú wo ẹ̀yìn. Ayùn ti gba pákó kọjá, ó ti wọ tábìlì.

"Ta ló ní kí ẹ rẹ́gi lórí tábìlì yìí?"

Gbogbo wọn yíjú sí i. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn yẹn rí láti bí ọdún kan.

"Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi ń nu tábìlì yìí," ó ní. "Mi ò gbé ife omi lé e rí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iyì igi, ẹ wá ń gé e bí ẹni gé búrẹ́dì."  Ooru kan gbéra láti inú ikùn rẹ̀, ó gòkè, ó dé etí.

Agùntáṣọọ́lò gbé ayùn kalẹ̀. "Ẹ má bínú, ìyàwó wa."

"Mo bínú," ó ní. Ọ̀rọ̀ náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó tún un sọ, bí ẹni tọ́ nǹkan wò. "Mo bínú gan-an ni."

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn ilé ìkàwé ni wọ́n ti ń rẹ́gi, lábẹ́ àtíbàbà tí Agùntáṣọọ́lò àti àwọn tó ń kọ́ kàn fúnra wọn. Nígbà tí oṣù mẹ́rin pé, kánsù rán ẹni méjì wá. Wọ́n jókòó lọ́jọ́ mẹ́ta, wọ́n ka èèyàn àádọ́rin ó lé lójúmọ́. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè ohun tí máṣíìnì ìránṣọ ń wá nílé ìkàwé. Nọ́ọ̀sì ló dá a lóhùn pé ohun tí òun náà ń wá níbẹ̀ ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n kọ̀wé pé kí ilé ìkàwé máa bá iṣẹ́ lọ. Bàbá Géètì ní kí wọ́n ka lẹ́tà náà fún òun lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá Oníwèé kà á fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, lọ́nà jíjìn, bí ẹni ń gbọ́ ẹ̀rín láti ilé kejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn èèyàn ti lọ tán. Òun àti Agùntáṣọọ́lò jókòó sábẹ́ àtíbàbà, èérún igi wà kárí ilẹ̀. Ọkùnrin náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ ò sọ fún mi rí," ó ní. "Ọjọ́ yẹn. Báwo ló ṣe lọ?"

Ó wò ó. Láti ọjọ́ náà, èèyàn ti kí i, wọ́n ti gbàdúrà fún un, wọ́n ti ní kó mọ́kàn le. Kò sẹ́ni tó tíì bi í léèrè.

Ó sọ ọ́. Ó sọ pé ọkọ òun wọlé, ó ní oòrùn mú. Ó jẹun, ó jẹ́ kó kù díẹ̀. Ọkọ náà ní kí òun jí i láago mẹ́rin. Òun ń ka ìwé ní pálọ̀, ìwé náà dùn, aago mẹ́rin kọjá òun ò mọ̀. Nígbà tí òun fi máa wọlé, aago márùn-ún ti fẹ́ẹ̀ lù. Òun pè é, òun fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ti tutù. Òun padà sí pálọ̀, òun pa ìwé náà dé, òun fi nǹkan sí ojú ewé tí òun kà dé. Òun ò mọ ìdí. Ẹ̀yìn náà ni òun tó lọ pe èèyàn.

Bó ṣe ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ lọ tààrà, kò já. Nígbà tó fi máa dákẹ́, omi ń bọ́ lójú Agùntáṣọọ́lò, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, èérún igi sì ń lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ojú Ìyá Oníwèé gbẹ. Ó wọlé lọ bu omi wá fún un, ó dúró tì í títí ó fi mu ún tán.

"Bí ẹ jí i o, bí ẹ ò jí i o," ọkùnrin náà ní, "bó ṣe máa rí náà nìyẹn."

"Mo mọ̀," ó ní. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé ikùn. "Ebi ń pa mí."

"Kí lẹ fẹ́ jẹ?"

Ó ronú sí i. 

"Ohun tó gbóná," ó ní. Wọ́n dìde, wọ́n lọ tilẹ̀kùn.